Ọkọ̀ Bàbá Ọlọ́dà Kọ̀, Kò Jí

Bí ẹ bá rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tó ń dán gbinrin lójú ọ̀nà, tí ìyá àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ ìjáde sì ń tì í lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ni ín. Bàbá Ọlọ́dà ló ni ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló ń tì í. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń rí nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ìròyìn mọ́ fún àwọn tó ń gba iwájú ilé wọn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá bá wọn níbẹ̀ á bá ìyá fọwọ́ tì í, ọkọ̀ á húkọ́, á jí, kálukú á sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀dà ni iṣẹ́ Bàbá Ọlọ́dà. Mi ò sọ ọ̀dà ara ògiri o, iṣẹ́ yẹn náà ní àyè tirẹ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ni mò ń sọ. Ẹ gbé ọkọ̀ tó ti dógùn-ún dé eegun wá fún un, nígbà tí ẹ bá fi máa padà wá, ẹ̀yin fúnra yín á máa bèèrè pé ọkọ̀ ta nìyí. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni ìsọ̀ rẹ̀ wà: òrùlé páànù lórí òpó igi, ìbọn tó fi ń fín ọ̀dà tó gbé kọ́ sórí ìṣó, agolo ọ̀dà tó tò sídìí ògiri láti orí funfun dé orí dúdú, àti ilẹ̀ tó ti mu oríṣiríṣi àwọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá sìmẹ́ǹtì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gan débi pé ó lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń tẹnu mọ́: "Ibi tí ojú oníbàárà ò lè dé, ibẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá." Bàbá Ọlọ́dà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá gbọ́ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á fín ara ọkọ̀, wọ́n á ní ó ti parí. Òun á dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á fín abẹ́. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fín ibi tí ẹ́ńjìnnì jókòó sí. Bí ohun kan bá bo ibì kan mọ́lẹ̀, á tú u, á fín abẹ́ rẹ̀, á sì dá a padà. Bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣe tinú rẹ̀, á fín atẹ́gùn inú táyà.

Ọkọ̀ tirẹ̀ wá ni olórí gbogbo wọn. Ó rà á lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó fẹ̀yìn tì, nígbà tí irun orí òun fúnra rẹ̀ ṣì dúdú. Imú ọkọ̀ náà gùn, iná iwájú rẹ̀ rí roboto, ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀ tó ibùsùn. Àwọ̀ ewé ló fín in, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí eyín ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn. Òun ló fi lọ gbé ìyàwó rẹ̀ àti àbíkẹ́yìn wọn láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ náà. Bó ṣe rọra ń yẹra fún kòtò bọ̀ lọ́nà, ó wo ọmọ jòjòló náà nínú dígí, ó ní, "Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé ọ wọlé, èmi náà ni màá fi gbé ọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ." Ìyàwó rẹ̀ ní kó jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mu ọmú yó ná. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn bàbá. Lọ́dọọdún, bí ọdún bá ti ń parí lọ, á gbé ọkọ̀ náà wọ ìsọ̀, á tún un fín lóde àti nínú lọ́hùn-ún, kí ọjọ́ náà má baà bá a lójijì.

Ọmọ dàgbà, ọkọ̀ náà dàgbà, ibẹ̀ sì ni wàhálà sítátà ti bẹ̀rẹ̀. Sítátà ni mọ́tò kékeré tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, á gba iná lára bátìrì, á máa yí ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi máa dá ara rẹ̀ yí. Ti Bàbá Ọlọ́dà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, á ní "kọ́," á sì dákẹ́. Nígbà mìíràn á kérora, "hùn-ùn, hùn-ùn," bí ẹni tí wọ́n jí síṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣe, á tún sùn padà. Bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tì í díẹ̀, á jí wàì. Ohun tó ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyẹn. Ọkọ̀ tó bá kọ̀ pátápátá, dandan ni kí ènìyàn wá nǹkan ṣe sí i. Èyí tó bá ń jí bí wọ́n bá tì í, títì ló máa di ìwà ìdílé. Bàbá Ọlọ́dà kò gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú mọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló ń wá kiri, imú ọkọ̀ sísàlẹ̀, kó lè jẹ́ pé bó bá ti tú bíréèkì báyìí, ọkọ̀ á máa yí lọ. Níbi tí kò bá ti sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìyàwó rẹ̀ ló ń di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Aránṣọ ni ìyàwó yìí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì wà lójú fèrèsé tó kọjú sí ìsọ̀ ọkọ rẹ̀, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í rí. Bí inú rẹ̀ bá dùn, "Olówó orí mi" ló ń pe ọkọ rẹ̀. Bí inú bá ń bí i, á pè é ní "Bàbá Ọlọ́dà" gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà ṣe ń pè é. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti gbọ́ "Olówó orí mi" nínú ilé náà.

Ilé àwọn àna ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́ sílẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti rí ọkọ, wọ́n ti mú ọjọ́, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì lọ kí àwọn òbí ọkọ ìyàwó. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa bọ̀ nílé, ọkọ̀ ní "kọ́." Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn àna dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, wọ́n ń retí kí àlejò máa lọ. Ni ìyá bá sọ̀ kalẹ̀, ó ká aṣọ sókè, ó fi èjìká ti ọkọ̀. Ọkọ̀ jí, ó ta síwájú, ìyá sì na gbalaja sínú ẹrẹ̀. Ìyá ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sáré wá gbé e dìde, òun náà ló bu omi wá tó fi ṣan ẹsẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá sọ̀ kalẹ̀. Ìgbà tí ìyá ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ padà ló tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Ọlọ́dà, ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Ẹ wá ẹlòmíì tí á máa tì í."

Nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí ìgbéyàwó dé, ọmọ náà wá bá bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ń fi èékánná họ ọ̀dà gbígbẹ tó wà lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọkọ mi ti bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tó máa gbé mi lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ̀ tuntun ni. Awakọ̀ wọn ló máa wà á."

"Awakọ̀ wọn kẹ̀? Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin á jókòó tì mí." Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀. "Bàbá, mi ò fẹ́ kí Màámi ti ọkọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ nìkan bá ti jí i, láìsí títì, màá ní kí wọ́n má gbé tọ̀hún wá mọ́. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó gbé mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí kò bá jí..."

Kò parí rẹ̀. Bàbá Ọlọ́dà mi orí, ó ní òun ti gbọ́. Ó dùn ún wọ eegun, pàápàá torí pé ọmọ náà kò jẹ̀bi. Lójú ọkàn rẹ̀ ó rí ọwọ́ awakọ̀ tí kò mọ̀ rí lórí sítíárì, ó rí ara rẹ̀ tó káwọ́ gbera lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ bí ẹrù tí wọ́n bá wọn gbé, kò sì lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, ó ti lọ pe Ríwáyà. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí ni wọ́n fi ń pè é: òun ló ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn, òun àti Bàbá Ọlọ́dà sì ti jọ ń fi oníbàárà ránṣẹ́ síra wọn láti ìgbà pípẹ́. Bàbá fi ọjọ́ orí jù ú, òun náà fi ariwo ju bàbá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Lónìí, sítátà yìí á gbọ́ tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ léṣìí."

"Ti èṣí, ìdánrawò ni."

Bátìrì ló kọ́kọ́ fura sí. Ó gbé bátìrì tuntun kan wá láti ìsọ̀ rẹ̀, ó so ó mọ́ ọn, ó yí kọ́kọ́rọ́. "Kọ́." Ó ní kò burú, sítátà fúnra rẹ̀ ni nígbà náà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó tú u sílẹ̀, ó ṣí i, ó bá kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀ tó ti jẹ, ó fi tuntun sí i, ó nù ún, ó fi gíríìsì pa á lára. Lẹ́yìn náà ó gbé e sórí tábìlì, ó fi wáyà ara rẹ̀ so ó mọ́ bátìrì tààrà. Sítátà han, ó yí bí òòyì, ó fò kúrò lórí tábìlì, agolo ọ̀dà funfun kan sì bá a dé ilẹ̀. Àwọn méjèèjì pariwo ayọ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n dá a padà sínú ọkọ̀. Bàbá jókòó, ó gba àdúrà kúkúrú, ó yí kọ́kọ́rọ́.

"Kọ́."

Ríwáyà lọ yá sítátà mìíràn lára ọkọ̀ àtijọ́ irú rẹ̀ kan. Èyí náà, níta, akọni ni. Nínú ọkọ̀, ọ̀lẹ. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n gbé e jáde, títí ọwọ́ Ríwáyà fi bó.

"Ṣé kì í ṣe ojú yín ló ń bà á lẹ́rù?" Ìyá ń bi wọ́n láti ojú fèrèsé, kò tiẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo àdúgbò, torí pé ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà ti gba ọlọ́gbọ́n lálejò. Bíríkìlà tó ń kọ́ ilé òdìkejì ní kí wọ́n fi igi lu sítátà náà, pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ń ṣe ẹ̀rọ tó ń po sìmẹ́ǹtì. Onígbàjámọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ ló ti jẹ. Wọ́n fi igi lù ú. Ó ní "hùn-ùn," gbogbo wọn dákẹ́, ọkàn wọn sókè. Ó sì sùn padà. Wọ́n gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun. Kọ́kọ́rọ́ tuntun náà ń dán, "kọ́" tó ń sọ kò sì yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: Ríwáyà tún dojúbolẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ bá wọn lórí ẹ̀ báyìí. Nínú ilé, wọ́n ń dirun fún ìyàwó ọ̀la, ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń dé etí bàbá lóde. Ó ti rẹ Ríwáyà débi pé kò pariwo mọ́. Ó jókòó sídìí sítíárì, bàbá sì dúró níwájú, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lélẹ̀ sétí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Kí n má purọ́, kò wá àìsàn kankan níbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀dà rẹ̀ ló ń wò, nítorí pé ohun kan ṣoṣo tó yé e nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

"Tún un yí," ó ní.

"Kọ́."

"Tún un yí, má tètè fi í sílẹ̀."

Bí Ríwáyà ṣe di kọ́kọ́rọ́ mú ni bàbá rí i. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ti inú ọkọ̀ wá sí orí ẹ́ńjìnnì. Òun ni wọ́n fi ń fa ṣóòkù, ohun tó ń fún ẹ́ńjìnnì tútù ní epo púpọ̀ kó lè jí, láàárọ̀ bí òtútù bá mú. Bàbá ti fín òun náà ní dúdú, ta ló máa dá a dúró? Ọ̀dà ara okùn yìí ló ń yọ ìléròrò lójú rẹ̀ báyìí, ọ̀kan, òmíràn, bí ara tí omi gbígbóná dà sí. Ó na ọwọ́ kàn án, ó fà á padà, ó ti ìka bọ ẹnu.

"Fi í sílẹ̀! Ríwáyà, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀!"

"Kí ló dé?"

"Ọ̀dà mi ń jó."

"Ẹ̀gbọ́n! Ọkọ̀ ò jí, ìgbéyàwó dọ̀la, ọ̀dà lẹ̀ ń sọ?"

"Wá síbí kóo wò ó. Ọ̀dà kì í yọ ìléròrò bí kò bá rí ooru. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń fín in, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ́ńjìnnì tutù, ọkọ̀ ò rìn. Okùn lásán ni, wọn ò gbé iná gba ibẹ̀. Kí ló gbé ooru débẹ̀?"

Ríwáyà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìkùnsínú. Ó wo okùn náà. Ó rọra fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lọ gbári, ìyá sì dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró láti wo ohun tó lè pa Ríwáyà lẹ́nu mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ nígbẹ̀yìn, "iná ń wá ọ̀nà ilé."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá báyìí. Iná tó bá ti ara bátìrì lọ sí sítátà kì í sùn síbẹ̀. Dandan ni kó padà sílé. Wáyà ńlá kan wà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ irin ara ọkọ̀, òun ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Bí nǹkan bá dí ọ̀nà yẹn, iná á máa já gba ibikíbi tó bá rí. Okùn ṣóòkù ló rí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni okùn yẹn, ó sì ń fẹ́ gba èrò ọ̀nà ńlá, ìdí nìyẹn tó fi gbóná, ìdí nìyẹn tí sítátà fi ń kú fébi.

"Lórí tábìlì ńkọ́, tó fi fò bí ẹyẹ?"

"Wáyà tèmi ni mo fi so ó níbẹ̀, àlọ àti àbọ̀. Èmi ni mo la ọ̀nà fún un." Ríwáyà gbá iwájú orí ara rẹ̀. "Ọmọ ìyá mi, èmi ni mo sì ń bú sítátà látàná!"

Ó mú wáyà kan tó nípọn, ó so orí rẹ̀ kan mọ́ bátìrì, ó wá ibi tí irin ti hàn lára ẹ́ńjìnnì láti so orí kejì mọ́. Kò rí. Gbogbo rẹ̀ ló dán. Ó fi ẹnu ìṣó họ ibì kan, bàbá sì gbójú kúrò. "Ó yá, ẹ yí i."

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí wìì, ó sì bú. Kò húkọ́, kò kérora. Ó bú bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Ìyá sáré jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ta ló tì í?"

"Kò sẹ́ni tó tì í!"

"Irọ́ ni. Ta ló tì í?"

Ṣùgbọ́n ènìyàn ò lè gbé ìyàwó lọ síbi ìgbéyàwó pẹ̀lú wáyà tó là bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, Ríwáyà sì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wá wáyà ńlá àkọ́kọ́, kó lè mọ ohun tó dí i. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rá kiri.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wáyà yìí wà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Mo ní níbo? Gbogbo ibí yìí dán."

Bàbá ní láti dùbúlẹ̀ tì í kó tó lè nàka sí i. Wáyà náà ti gba ọ̀dà débi pé ojú ò lè ya á sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ríwáyà fi sípánà tú bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀, ó gbé etí wáyà sókè, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ dán bí ilẹ̀kùn. Ó yí ojú sí bàbá.

"Ta ló fín ọ̀dà sábẹ́ wáyà?"

"Èmi ni," bàbá fèsì, kò sì tíì yé e. "Ọdọọdún ni mò ń tú u, màá fín abẹ́ ẹ̀, màá jẹ́ kó gbẹ dáadáa, màá sì dá a padà. Ṣé kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀ gbáláhàn ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá."

Bàbá tún fi ìka kan ọ̀dà dídán náà. Ríwáyà ní tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń mi gbogbo ara rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ ń gbá abẹ́ ọkọ̀. Gbogbo ìfẹ́ tí bàbá ní sí ọkọ̀ náà, lọ́dọọdún, orí ọ̀nà iná ló ń tò ó sí, títí ọ̀nà fi dí. Ẹni tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè bà á jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún ìyá, ó jókòó sórí agolo, ó wo ọkọ rẹ̀ títí.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́," ó ní, "ara ẹ̀fọ́ ló wà." Òun náà sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ríwáyà fẹ́ fi ọ̀bẹ ha ibẹ̀ kíákíá. Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ni mo fín in. Èmi ni màá họ ọ́." Ó mú sáńpépà, ó dùbúlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Ọ̀dà ń bọ́ ní ìpele ìpele, ó ń dà sí i lójú, ó sì ń ro ọdún tó fín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bó ṣe ń họ ọ́ lọ. Ó dùn ún bíi pé awọ ara rẹ̀ ló ń họ, kò sì dáwọ́ dúró. Ó họ ọ́ títí irin fi yọjú, ó tún họ ọ́ títí irin fi funfun. Ó họ etí wáyà. Ó họ abẹ́ orí bóòtù. Ríwáyà ní ó ti tó. Ó ní kò tíì tó. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọ́n dá wáyà padà sáyè rẹ̀, irin lórí irin, Ríwáyà dè é pinpin, wọ́n sì rá jáde pẹ̀lú eruku àwọ̀ ewé lórí wọn.

Oòrùn ti ń wọ̀. Bàbá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé, ó pe ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà jáde wá tòun ti irun tí wọ́n dì ní ìdajì, ìdajì kejì dúró gaga, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tò sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo ojú bàbá tó kún fún ọ̀dà, ó wo ọkọ̀ tó dúró lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Bàbá na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Ìwọ ni kó o jí i fúnra rẹ."

Ó jókòó. Ó yí i. Wìì, ẹ́ńjìnnì bú. Ó pa á, ó tún un yí, ó bú. Ó tún pa á, ó tún un yí, títí Ríwáyà fi ké pé kó má jẹ́ kí bátìrì kú o. Ni ọmọ náà bá yọ fóònù, ó pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ẹ́ńjìnnì ṣì ń dún. Ó ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n má gbé ọkọ̀ wọn wá mọ́. Bàbá mi ló ń gbé mi."

Bàbá Ọlọ́dà ò lè dúró níbẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń to agolo tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀. Ìyá ló tọ̀ ọ́ lọ, ó mú aṣọ, ó ń nu ọ̀dà kúrò lójú rẹ̀.

"Olówó orí mi," ó ní, "ẹ lọ wẹ̀. Ẹ ò lè fi irú ojú yìí wakọ̀ ìyàwó."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ náà gba àárín ìlú kọjá bí ọba, ìyàwó lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá nídìí sítíárì nínú aṣọ tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un. Àwọn àna ti tò sẹ́nu géètì ibi ìgbéyàwó. Bí bàbá ṣe ń yà wọlé, ó gbójú sókè wo dígí, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, omijé sì bo ojú òun fúnra rẹ̀. Ó gbàgbé láti tẹ kúlọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ ta gbọ̀n-ọ́n, ó kú, láàárín géètì, níṣojú gbogbo ènìyàn.

Ìyá ti ṣí ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ kó tó mọ̀. Àwọn àna pẹ̀lú, ènìyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ti ń sáré bọ̀ láti wá tì í. Ìyá ọkọ ìyàwó ló ṣíwájú, ó ti ká aṣọ tuntun rẹ̀ dé orúnkún.

Bàbá Ọlọ́dà yọ orí lójú fèrèsé. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ó yíjú sẹ́yìn. "Ìyàwó mi, wọlé, kó o ti ilẹ̀kùn."

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bú lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo sì sọ níbi gbogbo, àwọn tó sáré wá láti ti ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọlọ́dà rọra wà á kọjá láàárín wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn. Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọ rẹ̀.